Robert La Follette, Ẹni tí ó Ka Ìbò Àwọn Aṣòfin sí Etígbọ̀ọ́ Ará Ìlú

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn olùdìbò ní ilẹ̀ púpọ̀ ní àgbáyé, pàápàá ní ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ti ń du ìjọba mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọn a máa wí pé orúkọ nìkan ni ó ya ẹgbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, pé inú abọ́ olówó kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun, àti pé ẹni yòówù kí ó wọlé, ìfẹ́ olówó ni yóò ṣẹ. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tán kì í pẹ́ kí ó tó jókòó sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tò sí ìdí àpótí ìbò. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹnu tí ó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: bí olówó bá ti bọ́ àwọn aṣáájú yó, kí ni ó kù tí mẹ̀kúnnù lè ṣe?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan lo ohun tí ó ju 40 ọdún lọ nínú ìgbésí ayé rẹ̀ láti wá ìdáhùn sí i. Robert Marion La Follette ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣe agbẹjọ́rò ìjọba, ó ṣe aṣojú-ṣòfin, ó ṣe gómìnà, ó ṣe sẹ́nétọ̀, ó sì du ipò ààrẹ. Ó borí nígbà púpọ̀, ó sì ṣubú nígbà púpọ̀. Nínú ìborí àti ìṣubú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo ẹni tí ó ń ṣe ẹgbẹ́, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń ṣe ìjọba.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1855 ni a bí i, nínú ilé tí a fi ìtì igi kọ́, ní ìletò Primrose ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní apá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí bàbá fi kú. Ìyá rẹ̀ tún ọkọ fẹ́ ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà le koko mọ́ ọmọ, ọmọ kò sì gbádùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti kékeré ni Robert ti mọ iṣẹ́ oko, ó mọ bí àgbẹ̀ ti ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó sì mọ bí ó ti máa ń rí lára àgbẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá dá iye owó lé ohun tí òun fi òógùn rẹ̀ gbìn.

Ní ọdún 1875, ó wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní ìlú Madison. Kò ní owó. Ó ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìletò, ó sì ń tẹ ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde kí ó lè rí owó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Kò mú ipò iwájú nínú ẹ̀kọ́ ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dìde láti sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ọdún 1879, ọdún tí ó jáde, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ti pàdé Belle Case, ẹni tí ó gbé ní ìyàwó ní ọjọ́ tí ọdún 1881 parí. Obìnrin yìí ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ìmọ̀ òfin ní yunifásítì náà, ní ọdún 1885, ó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn fún ọkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí òṣèlú ti rí ní Wisconsin ní àkókò náà. Ẹgbẹ́ Republican àti ẹgbẹ́ Democrat ni ẹgbẹ́ ńlá méjì tí ó wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1865. Ẹgbẹ́ Republican ni ó sábà máa ń borí ní Wisconsin. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ náà, agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀yà ènìyàn méjì: àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé àti àwọn oníṣòwò gẹdú. Reluwé ni ó ń kó ọkà àti wàrà àwọn àgbẹ̀ lọ sí ọjà, ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì ń dá owó ẹrù lé e bí ó ti wù ú. Owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń san kéré sí èyí tí ó yẹ kí ilẹ̀ àti ohun ìní wọn mú wá, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ń san tirẹ̀ pé.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà di ẹgbẹ́ mú kò díjú. Kì í ṣe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbogbo ni ó ń yan ẹni tí yóò du ipò. Ìpàdé àdúgbò ni yóò yan aṣojú sí ìpàdé ẹ̀kún, ìpàdé ẹ̀kún yóò yan aṣojú sí àpérò ńlá ẹgbẹ́, àwọn aṣojú díẹ̀ wọ̀nyí ni yóò sì fa olùdíje kalẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ra aṣojú ọgọ́rùn-ún mélòó kan kò ní ohun tí ó tún fẹ́ fi olùdìbò ọ̀kẹ́ àìmọye ṣe. Ilé-iṣẹ́ reluwé a máa fún àwọn òṣèlú ní ìwé ìrìn-àjò ọ̀fẹ́, aṣojú a wọkọ̀ lọ sí àpérò láì san kọ́bọ̀, a sì padà wálé pẹ̀lú gbèsè ọpẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí olùdìbò bá fi máa dé ìdí àpótí, ọbẹ̀ ti jinná, orúkọ tí wọ́n ti sè sílẹ̀ ni wọn yóò bù fún un.

Ní ọdún 1880, La Follette, ẹni ọdún 25, jáde láti du ipò agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀kún Dane, tí Madison jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú náà, Elisha Keyes, ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ ní agbègbè náà, òun kò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ó wọ̀, tí ó ń lọ láti oko dé oko, tí ó ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ó borí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí kò gba iwájú ilé bàbá ìsàlẹ̀ kọjá.

Wọ́n yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Washington ní ọdún 1884, ó sì wà níbẹ̀ fún sáà mẹ́ta. Ọmọ ẹgbẹ́ gidi ni ní gbogbo àkókò yìí. Kò bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ jà. Ní ọdún 1890, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú nínú ìdìbò, nítorí ẹgbẹ́ Republican ní Wisconsin ti ṣe òfin pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, inú sì bí àwọn ará Jámánì tí ó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kọ́ èdè baba wọn. La Follette padà sí Madison láti ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ohun tí ó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1891. Philetus Sawyer ni sẹ́nétọ̀ Wisconsin nígbà náà, oníṣòwò gẹdú ni, ọlọ́rọ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ Republican sì ni. Àwọn akápò ìpínlẹ̀ àtijọ́ ti máa ń fi owó ìjọba sí báńkì, wọn a sì kó èlé orí rẹ̀ sí àpò ara wọn. Ìjọba tuntun ti ẹgbẹ́ Democrat pè wọ́n lẹ́jọ́ láti gba owó náà padà. Sawyer ni onídùúró fún àwọn kan nínú wọn, òun ni yóò sì san án bí ẹjọ́ bá dá wọn lẹ́bi. Adájọ́ tí ẹjọ́ wà níwájú rẹ̀ ni Robert Siebecker, ọkọ arábìnrin La Follette. Sawyer ránṣẹ́ pe La Follette sí hótẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Milwaukee. La Follette sọ títí ó fi kú pé owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó nà sí òun, kí òun lè bá àna òun sọ̀rọ̀. Sawyer sẹ́, ó ní agbẹjọ́rò ni òun fẹ́ gbà síṣẹ́, pé òun kò sì mọ̀ pé ìbátan wà láàárín òun àti adájọ́. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé La Follette sọ fún àna rẹ̀, adájọ́ yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà, ọ̀rọ̀ sì jáde sínú ìwé ìròyìn.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò dárí jì í. Ọ̀rẹ́ di ọ̀tá, ẹni tí ó ti máa ń kí i tẹ́lẹ̀ ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, yóò sì dá a padà fún àwọn tí ó ni ín. Ní ọdún 1894, ó gbé ẹlòmíràn kalẹ̀ fún ipò gómìnà, onítọ̀hún ṣubú. Ní ọdún 1896, òun fúnra rẹ̀ jáde. Ó dé àpérò ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé aṣojú tí ó pọ̀ tó wà lẹ́yìn òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yí padà. Ó gbàgbọ́ pé owó ni ó rìn lóru. Ní ọdún 1898 ó tún jáde, ó sì tún ṣubú.

Ọdún 1896 yìí kan náà ni owó fi ara rẹ̀ hàn ní gbangba nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Mark Hanna, oníṣòwò ará Ohio tí ó ń darí ìpolongo William McKinley, dá iye owó lé àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá bí ẹni tí ń dá owó orí, ó sì kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀ dọ́là jọ. Ohun tí William Jennings Bryan ti ẹgbẹ́ Democrat rí kò tó ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀. McKinley wọlé. Ìyàlẹ́nu ni pé La Follette pàápàá polongo fún McKinley ní ọdún náà, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ni.

Ní ọdún 1897, ó rí oògùn tí ó rò pé yóò wo àrùn náà sàn. Ó ní kí a pa àpérò àwọn aṣojú rẹ́, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn dìbò abẹ́lé, kí wọ́n sì ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdìbò gbogbogbòò. Bí aṣojú bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, a lè rà wọ́n. Bí wọ́n bá di ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀, ta ni yóò rà wọ́n tán? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri ibi ìpàtẹ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ń dúró sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ àti iye owó lọ́wọ́.

Ní ọdún 1900, ó di gómìnà. A kò gbọdọ̀ fi bò pé ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún náà, tí àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá reluwé kò fi dènà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni olówó gẹdú kan, Isaac Stephenson, ẹni tí inú ń bí sí àwọn bàbá ìsàlẹ̀ tó kù, na owó lé e lórí, ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Milwaukee tí ó ń gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gorí àga ní oṣù kìíní ọdún 1901, ohun méjì ni ó béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin: ìdìbò abẹ́lé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò kópa nínú rẹ̀, àti owó orí tí ó tọ́ lórí reluwé. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n pa àbá méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí níwájú olùdìbò yí ohùn padà nígbà tí wọ́n dé olú ìlú.

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ. A máa gba ẹ̀kún aṣòfin lọ, a pe àwọn ará ìlú jọ, a sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀. A óò ṣàlàyé ohun tí òfin kan ìbá ṣe fún wọn, lẹ́yìn náà a óò ka orúkọ aṣòfin wọn àti bí ó ti dìbò lórí rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ìwé nìkan ni ó kà. Inú gbọ̀ngàn a máa dákẹ́, nítorí aṣòfin tí ó ti wí ní ilé pé ti mẹ̀kúnnù ni òun ń ṣe ni àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé ti ilé-iṣẹ́ reluwé ni ó ṣe ní olú ìlú. Ohun tí bàbá ìsàlẹ̀ kò fẹ́ jù lọ nìyí, nítorí owó lè ra ìbò aṣòfin, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé.

Ìjà náà gbóná ní ọdún 1904. Ẹgbẹ́ Republican Wisconsin fọ́ sí méjì níbi àpérò tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá yunifásítì ní Madison, níbi tí La Follette fi àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ayédèrú aṣojú má baà wọlé. Àwọn alátakò rẹ̀ jáde lọ ṣe àpérò tiwọn ní ilé eré kan nítòsí. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà ni ó dá ẹjọ́ pé ti La Follette ni ẹgbẹ́ tòótọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó wọlé ní ìgbà kẹta, àwọn olùdìbò sì fi ọwọ́ ara wọn fọwọ́ sí òfin ìdìbò abẹ́lé. Òfin owó orí reluwé ti kọjá ní 1903. Ní 1902, wọ́n ti fi òfin ńlá ìpínlẹ̀ ka ìwé ìrìn-àjò ọ̀fẹ́ léèwọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1905, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso owó ẹrù reluwé sílẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé ìdánwò ni a óò fi máa gba òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe ojú ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni wọ́n bá ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ òfin púpọ̀ nínú wọn.

Ẹni tí ó bá dá ìtàn yìí dúró níbi tí a dé yìí yóò sọ pé òfin ti ṣẹ́gun owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Isaac Stephenson, olówó gẹdú tí a dárúkọ ṣáájú, fẹ́ jẹ́ sẹ́nétọ̀. Ní ọdún 1908, ó bọ́ sínú ìdìbò abẹ́lé tuntun náà, ó sì na ohun tí ó lé ní 107,000 dọ́là nínú rẹ̀, owó tí ó ya gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́nu nígbà náà. Ó borí. Wọ́n wádìí rẹ̀ ní Washington, ṣùgbọ́n ní ọdún 1912 ìbò 40 sí 34 fi í sílẹ̀ lórí àga rẹ̀. Owó tí kò rí aṣojú rà mọ́ ti lọ wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn àgbà wa ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iṣẹ́ tí La Follette rò pé òun ti parí ni ó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Òun fúnra rẹ̀ ti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní oṣù kìíní ọdún 1906. Nígbà tí ó dìde sọ̀rọ̀ lórí òfin reluwé ní ọdún náà, àwọn sẹ́nétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi í wọ́lẹ̀. Ó kìlọ̀ fún wọn pé àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ yìí, àwọn ará ìlú lè gbà á lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ó sì lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ó ń ka ìbò wọn sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1908, ó sọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ju wákàtí 18 lọ láti dènà òfin owó kan tí ó gbà pé àwọn báńkì ńláńlá ni yóò jèrè rẹ̀. Ní ọdún 1909, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn náà ni Belle, ìyàwó rẹ̀, ti kọ̀wé tako bí ìjọba Woodrow Wilson ti ń ya àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìjà tí La Follette àti àwọn mìíràn jà sì so èso: òfin kan ti ka owó ilé-iṣẹ́ ńlá léèwọ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ní 1907, nígbà tí ó sì di 1913, ará ìlú gba àṣẹ láti máa dìbò yan àwọn sẹ́nétọ̀ fúnra wọn.

Kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1912, nígbà tí ó ń du ipò ààrẹ, ó bá àwọn onílé ìtẹ̀wé jẹun alẹ́ ní Philadelphia. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣàìsàn, iṣẹ́ abẹ wà níwájú ọmọ náà, bàbá kò sì tíì sùn dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an, ó ń bá àwọn tí ó gbà á lálejò wí pé olówó ti ra ìwé ìròyìn wọn. Ìròyìn kàn pé orí rẹ̀ ti dàrú, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì sá lọ bá Theodore Roosevelt. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917, ó wà lára àwọn sẹ́nétọ̀ 6 tí ó dìbò lòdì sí wíwọ ogun; ó ní mẹ̀kúnnù ni yóò kú, olówó ni yóò jèrè. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùkọ́ yunifásítì rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tí ó bá a wí, àwọn sẹ́nétọ̀ sì wádìí bóyá kí wọ́n lé e jáde. Ní ọdún 1919 wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Ní ọdún 1922, àwọn ará Wisconsin dá a padà sípò pẹ̀lú ìbò rẹpẹtẹ.

Ní ọdún 1922 yìí kan náà, ó gbọ́ pé wọ́n ti fi ilẹ̀ epo rọ̀bì ìjọba ní Teapot Dome ní ìpínlẹ̀ Wyoming lé olówó kan lọ́wọ́ láì jẹ́ kí ẹlòmíràn díje fún un. Òun ni ó mú àbá wá pé kí a ṣe ìwádìí. Ìwádìí náà, tí Thomas Walsh ti ẹgbẹ́ Democrat darí, fi hàn pé Albert Fall, mínísítà ìjọba Republican, ti gba owó lọ́wọ́ àwọn olówó epo méjì. Edward Doheny fi 100,000 dọ́là ránṣẹ́ sí i nínú àpò dúdú kékeré. Ó wọ ẹ̀wọ̀n níkẹyìn ní 1931. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba olùdìbò nínú jẹ́ jù ni pé ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni Doheny, ó sì ti gba William McAdoo, ẹni tí ó wà níwájú nínú àwọn tí ń du àsíá Democrat, gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò rẹ̀. Epo kan náà ti ta sí aṣọ ẹgbẹ́ méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1924 dé. Ẹgbẹ́ Republican gbé Calvin Coolidge kalẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat dìbò ní ìgbà 103 ní àpérò wọn kí wọ́n tó fẹnu kò sórí John Davis, agbẹjọ́rò fún ilé owó Morgan. Àwọn àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ reluwé àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn kò rí ẹni tiwọn. Wọ́n pé jọ ní Cleveland, wọ́n sì ní kí La Follette jáde. Ó jáde, ẹni ọdún 69, pẹ̀lú Burton Wheeler, sẹ́nétọ̀ ti ẹgbẹ́ Democrat, gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Owó wọn kò tó nǹkan, wọn kò sì ní ẹgbẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀ ní àwọn ìletò. Síbẹ̀ wọ́n rí ìbò tí ó tó mílíọ̀nù 4 àti ẹgbẹ̀rún 800, èyí tí í ṣe bí ìdá mẹ́fà gbogbo ìbò tí a dì. Ìpínlẹ̀ Wisconsin nìkan ni wọ́n gbà. Coolidge wọlé. Ohun tí ó yẹ kí a ronú lé lórí ni pé nínú àwọn tí ó tó ìbò dì, àwọn tí ó jáde kò pé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni ní 1896 wọ́n tó 79 nínú 100. Ìdí púpọ̀ ni ó wà fún èyí. Wọ́n ti fi òfin burúkú dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́nà ní gúúsù, àwọn obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ wọn ní 1920. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì wà lára wọn.

La Follette kú ní Washington ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1925, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí ó pé ẹni 70 ọdún. Madison ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ rẹ̀ gba àga rẹ̀. Ní ọdún 1957, ìgbìmọ̀ kan tí John Kennedy ṣe alága rẹ̀ kà á mọ́ àwọn sẹ́nétọ̀ 5 tí ó ta yọ jù lọ nínú ìtàn ilé ìgbìmọ̀ náà. Ilé kan náà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jáde sílẹ̀ fún un ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa fi sínú àbá òfin ìdìbò pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ó máa dìbò abẹ́lé, kì í ṣe àwọn aṣojú nìkan. Ààrẹ Muhammadu Buhari kò fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá. Ó ní owó tí yóò ná ìjọba pọ̀ jù, àti pé ààbò kò dájú. Òfin tí ó jáde ní 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà aṣojú sì wà lára wọn. Ẹni tí ó fẹ́ kí aṣojú pòórá ní ẹjọ́ rere lẹ́nu, nítorí ọwọ́ díẹ̀ rọrùn láti kún ju ọwọ́ púpọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó rántí Stephenson. Òfin dára, a kò gbọdọ̀ fi í ṣeré. Síbẹ̀ òfin tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ dàbí ọgbà tí a kò fi ajá sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ọ̀nà tí La Follette tọ̀ kò gba owó púpọ̀. Ẹ mọ orúkọ aṣòfin yín. Ẹ béèrè bí ó ti dìbò. Ẹ wí i níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ láti ka àkọsílẹ̀ ju kí ó mọ orin ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹgbẹ́ gbogbo rí bákan náà, tí ó sì jókòó sílé, kò fi ìyà jẹ olówó. Ìbò kan tí olówó kò ní láti rà ni ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́.